Ẹni tí ó Wà Lẹ́yìn Awò-Ojú: Akọni Abàmì àti Ọkàn Ẹni tí ó ń Ka Ìtàn Rẹ̀

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò ti máa bi ara wọn léèrè ohun tí ó pa ilé-ẹ̀kọ́ gíga pọ̀ mọ́ ìwé ìtàn aláwòrán tí àwọn ọmọdé ń kà. Èsì mi kò gùn. Ohun tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ti ń fẹ́ràn láti ọdún 1938 títí di òní, tí wọ́n ń náwó lé lórí, tí wọ́n ń ra aṣọ rẹ̀ fún ọmọ wọn, ó yẹ kí ẹni tí ó pe ara rẹ̀ ní onímọ̀ lè sọ ìdí rẹ̀.

Ìdí tí a sábà máa ń gbọ́ ni agbára. Wọ́n ní aláìlágbára ni gbogbo wa, nítorí náà ni a ṣe ń fẹ́ràn ẹni tí ó lè gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sókè bí ẹni gbé igbá. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n kò tó. Bí ó bá jẹ́ ti agbára nìkan ni, erin ì bá tó wa. Èrò tèmi ni pé kì í ṣe agbára Superman ni ó gba ọkàn òǹkàwé, bí kò ṣe ẹni tí agbára náà fara pamọ́ sí lára: Clark Kent, akọ̀ròyìn onítìjú tí ó wọ awò-ojú, tí obìnrin tí ó fẹ́ràn kò tilẹ̀ kà á kún.

Ẹ jẹ́ kí a wo orírun rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì, Jerry Siegel àti Joe Shuster, ni ó dá a sílẹ̀. Ọmọ Júù ni àwọn méjèèjì, àwọn òbí wọn ṣí kúrò ní Yúróòpù, ìlú Cleveland ní Amẹ́ríkà ni àwọn ọmọ náà sì ti pàdé ní ilé-ẹ̀kọ́. Ìgbà tí iṣẹ́ àti owó di ọ̀wọ́n gógó ni ìgbà náà. Ní ọdún 1932, àwọn olè wọ ṣọ́ọ̀bù aṣọ bàbá Siegel, bàbá náà ṣubú lulẹ̀, ó sì kú. Ní oṣù Kìíní ọdún 1933, àwọn ọ̀dọ́ náà tẹ ìtàn kan jáde nínú ìwé kékeré tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe. Orúkọ Superman wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni ibi ni, tí ó fẹ́ jẹ gàba lé ayé lórí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí i padà di olùgbèjà. Àwọn kan ní ọmọ tí kò lè gba bàbá rẹ̀ sílẹ̀ ni ó dá ẹni tí ìbọn kò ràn. Ó ṣeé gbà gbọ́, ṣùgbọ́n n kò ní gbé gbogbo ilé náà ka orí òpó kan ṣoṣo.

Ìwé Action Comics àkọ́kọ́, tí wọ́n kọ oṣù Kẹfà ọdún 1938 sí lára, ni Superman ti kọ́kọ́ jáde fún gbogbo ènìyàn. Kò tíì lè fò nígbà náà, ó kàn ń tọ sókè ni, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ máìlì. Kí ni ó wá fi agbára yìí ṣe? Ó gba obìnrin kan tí wọ́n fẹ́ pa fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá. Ó mú ọkùnrin kan tí ó ń lu ìyàwó rẹ̀. Ó gbá ẹnì kan mú tí ó ń bá aṣòfin dìtẹ̀ ní Washington. Kò sí abàmì ojú ọ̀run kankan níbẹ̀. Ìrẹ́jẹ tí òǹkàwé mọ̀ ní àdúgbò ara rẹ̀ ni. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, agbára rẹ̀ ń pọ̀ sí i, títí tí kò fi sí ohun tí ó lè dẹ́rù bà á mọ́. Àwọn tí ó ń kọ ìtàn náà ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ pé agbára tí kò ní ààlà a máa súni, wọ́n sì wá òkúta tí ń jẹ kryptonite láti fi rọ̀ ọ́ lágbára. Rédíò ni òkúta yìí ti kọ́kọ́ jáde ní 1943, ó dé inú ìwé aláwòrán ní 1949.

Ṣùgbọ́n Clark Kent kò sú ẹnikẹ́ni. Siegel fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nígbà tí ó dàgbà pé láti inú ìtìjú òun ní ilé-ẹ̀kọ́, láàrin àwọn ọmọbìnrin tí kò mọ̀ pé òun wà láyé, ni èrò náà ti wá. Ta ni nínú wa tí kò tíì sọ ọ́ nínú ara rẹ̀ rí pé, bí àwọn wọ̀nyí bá mọ̀ mí ni! Ọmọ tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ń sọ ọ́, akọ̀wé tí ọ̀gá ń jágbe mọ́ ń sọ ọ́. Ẹ fi wé egúngún wa. Ẹni tí ó bá gbé agọ̀ wọ̀, a kì í pe orúkọ rẹ̀ mọ́, ará ọ̀run ni. Ti Superman yí padà bìrí: aṣọ búlúù òun pupa ni ara rẹ̀ gan-an, kóòtù, táì àti awò-ojú ni agọ̀. Ẹni tí gbogbo ayé ń rí lójoojúmọ́ ni ó wà nínú ẹ̀kú. Òǹkàwé tí ó wọ kóòtù tirẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ kò nílò alálàyé.

Àwọn kan kò rí i bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 1940, Siegel àti Shuster ṣe ìtàn kúkúrú kan fún ìwé ìròyìn Look, nínú èyí tí Superman ti gbá Hitler àti Stalin mú, tí ó kó wọn lọ sí ìdájọ́. Kò ju oṣù méjì lọ tí ìwé ìròyìn àwọn SS ní Jámánì fi bú Siegel pé Júù ni. Ẹ wá wo bí ayé ti rí: nígbà tí ó di 1954, Fredric Wertham, oníṣègùn ọpọlọ tí a bí ní Jámánì, fi akọni kan náà wé àwọn SS nínú ìwé tí ó kọ. Kì í ṣe ènìyàn lásán. Òun ni ó dá ilé ìwòsàn ọpọlọ sílẹ̀ ní Harlem ní 1946 fún àwọn tálákà, tí ó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ó sì jẹ́rìí ta ko ìyàsọ́tọ̀ àwọn ọmọ dúdú ní ilé-ẹ̀kọ́. Ó ní ìtàn báyìí ń kọ́ ọmọdé láti gbádùn ìyà tí ń jẹ ẹlòmíràn nígbà tí nǹkan kan kò lè ṣe òun. Ní 1954 yìí kan náà ni àwọn atẹ̀wé ṣe òfin tí wọ́n fi ń ṣọ́ ara wọn. Nígbà tí Carol Tilley yẹ àwọn ìwé Wertham wò, ó fi hàn ní 2012 pé ọkùnrin náà ti yí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí ó bá sọ̀rọ̀ padà, ó sì ti pa ti ẹni méjì pọ̀ di ti ẹnì kan. Ẹ̀rí rẹ̀ bàjẹ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ kò bàjẹ́. Adùn wà nínú fífi ìyà jẹ ẹni ibi láìsí ewu, akọni tí kò ní Clark Kent kankan nínú sì sún mọ́ ohun tí Wertham ń bẹ̀rù.

Ìwádìí kan jáde ní 2017 tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Wọ́n fún ọmọ 180, ọlọ́dún mẹ́rin àti ọlọ́dún mẹ́fà, ní iṣẹ́ kan tí kò dùn rárá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n sì gbé eré sí ẹ̀gbẹ́ wọn pé ẹni tí ó bá sú lè lọ ṣeré. Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe bí ẹni pé Batman ni àwọn, tàbí akọni mìíràn tí wọ́n fẹ́ràn, ni ó pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́. Orúkọ Batman ni wọ́n fi pe àbájáde náà, àwọn ènìyàn sì sáré gbà pé agbára ni ó ṣe é. Ṣùgbọ́n Bob the Builder wà lára àwọn tí ọmọ lè yàn, kọ́lékọ́lé lásán tí kì í fò, tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tí ó ran ọmọ lọ́wọ́ ni pé ó kúrò nínú ara rẹ̀ díẹ̀, ó sì fi ojú ẹlòmíràn wo ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Nàìjíríà náà. Ní ọdún 1975, wọ́n ṣe akọni abàmì kan ní Ìlú Ọba fún títà níhìn-ín, Powerman ni orúkọ rẹ̀. Dave Gibbons àti Brian Bolland, tí wọ́n di olókìkí lẹ́yìn náà, ni ó ya á. Aláwọ̀ dúdú ni akọni náà, ó ń fò, ó sì lágbára. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ nọ́ńbà sí àwòrán kọ̀ọ̀kan, ìkíní, ìkejì, ìkẹta, nítorí wọ́n rò pé òǹkàwé wa kò ní mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ wò. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn òǹkàwé Yorùbá ti ń ka Atọ́ka kí Powerman tó dé, tí wọ́n ń tẹ̀lé eré orí ìtàgé láti fọ́tò kan sí òmíràn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré lórí rẹ̀. Àwọn tí ń ta ìtàn ẹni tí a kò kà sí kò ka ẹni tí wọ́n ń tà á fún sí.

Ní ọdún 1975 kan náà, nǹkan mìíràn ń ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Dọ́là 130 ni Siegel àti Shuster gbà ní 1938 nígbà tí wọ́n ta Superman àti gbogbo ẹ̀tọ́ tí ó wà lórí rẹ̀. Wọ́n pẹjọ́ ní 1947, wọn kò rí i gbà padà. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé fíìmù olówó ńlá ń bọ̀, ojú Shuster ti ń fọ́ lọ, Siegel sì ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé kékeré ní Kalifọ́níà. Kí ni Siegel ṣe? Ó kọ ìwé gígùn ránṣẹ́ sí àwọn oníròyìn, ó sì fi fíìmù náà ré. Ẹni tí ó dá alágbára jù lọ láyé sílẹ̀ kò rí nǹkan mìíràn dì mú ju èpè lọ. Àwọn ayàwòrán ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Neal Adams àti Jerry Robinson lára wọn, ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà káàkiri títí ojú fi ti ilé-iṣẹ́ náà. Ní oṣù Kejìlá, wọ́n gbà láti máa san 20,000 dọ́là fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún, kí wọ́n sì dá orúkọ àwọn méjèèjì padà sórí ìtàn náà. Nígbà tí fíìmù jáde ní 1978, orúkọ wọn wà níbẹ̀.