Ohun Tí A Fi Ń Fọ Inú Ọkọ̀: Ọ̀rọ̀ Tí A Bá Àwọn Ará Ibùdó Àgbẹ̀ Sọ ní Tudun Wada

   

Àwọn kan nínú yín ti bi wá pé, kí ló kan ọ́fíìsì ìgbáyé-gbádùn nínú fífọ àga ọkọ̀? Ó kàn wá. Ọkọ̀ tí ẹ fi ń kó àgbàdo, tòmátì àti iṣu wá sí ọjà ní òwúrọ̀, òun náà ni ẹ fi ń gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ní òru. Òun náà ni ẹ fi ń lọ sílé, sí Ìlọrin, sí Ògbómọ̀ṣọ́, sí Ọ̀yọ́, nígbà ọdún. Ọmọ yóò sùn lórí àga yẹn, yóò fi ẹnu kan aṣọ rẹ̀. Ohun tí ó bá kù sínú àga, ara ọmọ ni yóò lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá ń yan ohun tí ẹ ó fi fọ inú ọkọ̀, ẹ má kọ́kọ́ béèrè pé, “Ṣé yóò mọ́?” Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé, “Kí ni yóò kù síbẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá mọ́ tán?” Ìbéèrè yìí nìkan ni a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a fi ara wa ṣe àpẹẹrẹ. Ọkọ̀ tí a ń lò jẹ́ Peugeot 504 àtijọ́, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kakuri, níhìn-ín ní Kaduna, ní 1975. Nígbà ọyẹ́ kan, epo pupa dà sórí àga ẹ̀yìn rẹ̀. Àlejò ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì, a sì ń kánjú. A rẹ àkísà sínú pẹtiróòlù, a ti ìlẹ̀kùn nítorí eruku, a bẹ̀rẹ̀ sí í nu àga náà. Epo náà ń ṣí lóòótọ́. Bí ọ̀kan nínú wa ti na ọwọ́ láti tan rédíò ọkọ̀ ni ìyá àgbà kan tí ó ń ta àmàlà láfún lẹ́bàá ọ̀nà fi igbe ta pé, “Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ jáde níbẹ̀!” Ó ní láti ìdí ìkòkò òun ni òun ti ń gbọ́ òórùn pẹtiróòlù. A jáde. Orí ń fọ́ wa, òòyì ń kọ́ wa. Omi ló dànù, agbè kò fọ́.

Ohun tí a kò rò ni èyí. Pẹtiróòlù kì í dúró de ooru kí ó tó di oru. Kódà nínú òtútù ọyẹ́, ó ń di oru. Oru náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ilẹ̀ ọkọ̀ ni ó máa ń sọ̀kalẹ̀ sí, yóò sì dúró síbẹ̀ bí omi inú agbada. Iná kékeré tí ó ta pàrà lára swíìṣì tàbí bátìrì, tàbí sìgá ẹni tí ń kọjá lọ, ti tó láti gbé e. Kẹrosíìnì kò yára gbiná tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ nínú fóòmù, òórùn rẹ̀ kò sì ní kúrò bọ̀rọ̀. Àwọn méjèèjì tún ń ba lẹ́dà òyìnbó tí wọ́n fi bo àga jẹ́. Wọ́n ń fa ohun tí ó mú un rọ̀ jáde, yóò gan, yóò sì là.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ó ti ṣe irú àṣìṣe yìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn òyìnbó fi ń ta omi kan tí à ń pè ní carbon tetrachloride láti fi yọ àbàwọ́n lára aṣọ àti àga. Kò gbiná, wọ́n sì gbà pé kò léwu. Nígbà tí ó yá ni wọ́n rí i pé oru rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́. Ní 1970 ni ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin de títà rẹ̀ fún ìlò inú ilé.

Bulíìṣì, irú èyí tí a fi ń fọ aṣọ funfun, kò yẹ inú ọkọ̀ pẹ̀lú. Ó ń bó àwọ̀ aṣọ, ó sì ń jẹ òwú rẹ̀. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má ṣe pò ó mọ́ nǹkan mìíràn láéláé. Bí ó bá pàdé fínígà tàbí ásíìdì tí a fi ń fọ ilé ìgbẹ́, afẹ́fẹ́ chlorine ni yóò jáde. Afẹ́fẹ́ yìí ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sí àwọn ọ̀tá wọn nítòsí Ypres, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ní oṣù kẹrin ọdún 1915. Bí bulíìṣì bá sì pàdé ìtọ̀ ọmọdé lórí àga, afẹ́fẹ́ mìíràn tí ń ta ojú àti ẹ̀dọ̀fóró ni yóò jáde.

Kí wá ni kí a lò? Ohun tí ó wà nílé yín ti tó.

Èkínní, ẹ kọ́kọ́ gbọn eruku. Ẹ̀yin náà mọ eruku ọyẹ́ Kaduna. Bí omi bá kàn án, ó di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ á sì wọ inú aṣọ lọ. Ẹ yọ kápẹ́ẹ̀tì síta, ẹ gbé e kọ́ sórí okùn, ẹ fi ọ̀pá nà án. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá àga.

Èkejì, ẹ dán ọṣẹ wò níbi tí ojú kò tó, bí abẹ́ àga. Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ fi aṣọ funfun tí ó tutù nu ibẹ̀. Bí àwọ̀ àga bá ń bá a jáde, ẹ dáwọ́ dúró.

Ẹ̀kẹta, ẹ lo ọṣẹ díẹ̀. Ṣíbí kékeré kan ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun tó fún ìlàjì garawa omi. Ẹ pò ó títí yóò fi hó, kí ẹ sì fi kànrìnkànrìn tí ó rọ̀ bu ìhó rẹ̀ nìkan fọ àga. Bí ọṣẹ bá pọ̀ jù, yóò kù sínú aṣọ, yóò sì máa fa eruku mọ́ra. Lọ́sẹ̀ kejì, àga náà á tún dúdú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ọṣẹ dúdú wa dára fún ara, ṣùgbọ́n omi eérú ni a fi sè é. Ó lè bó àwọ̀ aṣọ, ó sì lè fi àbàwọ́n sára àga tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má ṣe da omi sórí àga. Fóòmù á mu ún, á jẹrà, á máa rùn, irin ìsàlẹ̀ á sì dípẹtà. Ẹ fi aṣọ tí a rẹ sómi tí a sì fún dáadáa nu ọṣẹ kúrò lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì fi èyí tí ó gbẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣí gbogbo ìlẹ̀kùn sílẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kì í pẹ́ gbẹ. Nígbà òjò, ojú àbàwọ́n nìkan ni kí ẹ fọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àga náà á bu.

Ní ti àbàwọ́n: bí ẹrẹ̀ bá ta sí i, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ kí ẹ tó gbọ̀n ọ́n. Ẹ̀jẹ̀, ẹyin, wàrà àti nono, omi tútù ni kí ẹ lò, nítorí pé omi gbígbóná ń mú wọn lẹ̀ mọ́ aṣọ. Àwọ̀ obì àti òórùn ìtọ̀, ẹ fi fínígà tí a bu omi là nù ún. Ìyá àgbà ọjọ́ náà ni ó kọ́ wa ní ti epo pupa. Ó ní, “Ṣé ẹ kò rí láfún ni?” Ó bu ìyẹ̀fun láfún gbígbẹ sórí ojú epo tí ó kù, ó ní kí a fi í sílẹ̀ di alẹ́. Láfún fa epo mu, a gbá a dànù, a fi ìhó ọṣẹ nù ún. Ìwọ̀nba pupa tí ó kù, oòrùn bó o fúnra rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ra èyí tí wọ́n ṣe fún àga ọkọ̀, ẹ wo ara agolo rẹ̀. Àwòrán iná túmọ̀ sí pé ó ń gbiná. Àwòrán agbárí túmọ̀ sí pé májèlé ni. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tí ó ti lọ sí ilé ìwé kà á fún yín. Èyí tí wọ́n bá rọ sínú ìgò ohun mímu, tí kò ní orúkọ, ẹ má rà á. Ọmọdé lè gbé e mu.

Ọ̀rọ̀ wa tí ó wúwo jù ni a fi sí ìkẹyìn. Oògùn apakòkòrò oko ń bá yín wọ ọkọ̀. Bí ó bá dà sínú fóòmù, ọṣẹ kò lè fọ̀ ọ́ kúrò. Ẹ mú kí ojú àga mọ́ bí ó ti wù kó mọ́, oògùn wà nísàlẹ̀, oòrùn á sì máa gbé oru rẹ̀ dìde sí ẹni tí ó jókòó lé e. Ẹ yọ fóòmù náà. Ẹ má sun ún, ẹ má jù ú sódò, ẹ má sì fi í tọrẹ. Ẹ wá sọ fún wa, kí a jọ wá ibi tí a ó sin ín sí, jìnnà sí kànga. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kò wọ́n wa ní Tudun Wada yìí. Ẹ ní kí wọ́n fi tuntun sí i. Owó fóòmù kò tó owó oṣù kan ní ilé ìwòsàn.

Bí Gamalin 20 àtijọ́ bá ṣì wà ní igun ilé ẹnikẹ́ni, kí ó má ṣe gbé e wọ ọkọ̀. Lindane ni ó wà nínú rẹ̀, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fi kún àwọn májèlé tí wọ́n fẹ́ pa rẹ́ ní 2009. Ẹ má sì fọ́n ọ̀tápíàpíà sínú ọkọ̀ nítorí aáyán. Ní 2019 ni NAFDAC fòfin de títà dichlorvos nínú ìgò kékeré. Láti òní lọ, oògùn oko gbọ́dọ̀ wà nínú garawa tí ó ní ìdérí, lẹ́yìn ọkọ̀. Kó má ṣe sí lórí àga, kó má sì wà pẹ̀lú oúnjẹ tàbí ọmọ.

Ibi tí a ó ti dánu dúró nìyí. Bí ẹ bá délé, ẹ ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ yín, kí ẹ gbóòórùn àga ẹ̀yìn, níbi tí ọmọ máa ń sùn sí. Bí ó bá ń rùn bí pẹtiróòlù tàbí oògùn, ẹ má ṣe dúró di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ẹ wá bá wa lọ́la.