Ìwọ̀n àti Ìdàgbà Ẹ̀yà Ehoro

Orúkọ kan ni a ń pe gbogbo ehoro ilé, ṣùgbọ́n ìwọ̀n wọn kò dọ́gba. Netherland Dwarf kò ju nǹkan bí kílò 1 lọ. New Zealand funfun, tí ó jẹ́ pé Amẹ́ríkà gan-an ni a ti mú un jáde, a máa tó kílò 4 sí 5. Flemish Giant ti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù a sì máa kọjá kílò 6. Òmìrán yìí ni ojú ẹni tí ó fẹ́ rà á kọ́kọ́ wọ̀. Àwa náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ó jẹun púpọ̀, egungun rẹ̀ tóbi, abo rẹ̀ a sì máa tó oṣù 8 tàbí 9 kí ó tó yẹ láti bímọ. New Zealand tí a bọ́ dáadáa lè tó kílò 2 ní ọ̀sẹ̀ 10. Ooru a máa dí i lọ́wọ́: ehoro kò lè làágùn bí ènìyàn, bí oòrùn bá sì mú, oúnjẹ rẹ̀ a dínkù. Nítorí náà, abẹ́ igi tí ó ní òjìji ni kí a kọ́ ilé rẹ̀ sí.