Kì í ṣe gbogbo ohun tó jọ ọ̀pẹ ni ọ̀pẹ

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣa kóró pupa kan lábẹ́ igi kékeré iwájú ilé wa, ó fẹ́ jù ú sẹ́nu. Mo yára gbà á. Ọ̀pẹ ni gbogbo wa ń pe igi yẹn. Nígbà tí mo wádìí, Cycas revoluta ni. Májèlé ni kóró rẹ̀, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Cycas kò bá ọ̀pẹ tan rárá. Ọ̀pẹ máa ń tanná, inú èso sì ni kóró rẹ̀ ń wà. Cycas kì í tanná. Ìhòòhò ni kóró rẹ̀ wà, èso kankan kò bò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni páìnì, àmọ́ ẹbí wọn yàtọ̀: Cycadaceae ni ti Cycas, Pinaceae ni ti páìnì.

Báwo lẹ ṣe máa dá wọn mọ̀? Ewé Cycas tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ máa ń ká bí ìrù agẹmọ. Ewé páìnì rí bí abẹ́rẹ́. Méjì, mẹ́ta tàbí márùn-ún ló sábà máa ń wà lójú kan.

Ẹ ṣọ́ra fún Casuarina, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní páìnì. Ẹ fa "abẹ́rẹ́" rẹ̀: á já ní oríkèé-oríkèé bí ìrèké. Igi tó ń tanná ni.

Tí ọmọ bá ti jẹ kóró Cycas, ẹ má dúró wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.