KÍ A MỌ OGIRI KÍ A TÓ KUN Ọ̀DÀ
Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn fún àwọn tí ń kọ́ ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì fún iṣẹ́ ìlú



Iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ń torí rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ní àtijọ́, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ nísinsìnyí: owó orí sísan, ìwé ìrìnnà gbígbà, ìforúkọsílẹ̀ ọmọ sí ilé-ìwé. Nítorí náà, ẹni tí ó kọ́ irú ojú-ewé bẹ́ẹ̀ ni ó di kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì mú. Bí ilẹ̀kùn kò bá ṣí fún ẹnì kan, a ti fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú.

Ohun mẹ́ta ni a fi ń kọ́ ọ. Èkíní ni HTML, tí ó gbé ọ̀rọ̀ àti fọ́ọ̀mù dúró. Òun ni ògiri àti òrùlé. Èkejì ni CSS, tí ó ń ṣe é lẹ́wà. Òun ni ọ̀dà. Ẹ̀kẹta ni JavaScript, tí ó ń mú iṣẹ́ yá. Òun ni iná mànàmáná. Nínú ilé tí a kọ́ dáadáa, bí iná tilẹ̀ lọ, ènìyàn yóò ṣí ilẹ̀kùn jáde. Ṣùgbọ́n bí iná nìkan ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn, onílé yóò há sínú ilé.

Ní ọdún 2003, Steven Champeon ní Amẹ́ríkà fún ọ̀nà yìí ní orúkọ, progressive enhancement. A lè pè é ní ìmúdára ní sísẹ̀-ń-tẹ̀lé. Ẹ kọ́kọ́ fi HTML nìkan ṣe fọ́ọ̀mù tí ènìyàn lè kọ, kí ó tẹ bọ́tìnnì, kí ó sì rí èsì gbà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi CSS àti JavaScript kún un fún ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ lè gbà á.

Àwọn kan ń sọ pé kò sí fóònù tí kò lè lo JavaScript mọ́. Ní ọdún 2013, àwọn òṣìṣẹ́ GOV.UK ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ náà. Nínú 1,000 àlejò ojú-ewé wọn, JavaScript kò ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí 11. Méjì péré ni ẹ̀rọ wọn kò gbà á tàbí tí wọ́n pa á. Mẹ́sàn-án ìyókù, ó yẹ kí ó ṣiṣẹ́ fún wọn, kò sì ṣiṣẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè já lójú ọ̀nà. Àṣìṣe kékeré kan nínú JavaScript sì lè dá gbogbo rẹ̀ dúró. HTML kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ohun tí ẹ̀rọ kò mọ̀ nínú rẹ̀, yóò fò ó, yóò sì fi ọ̀rọ̀ tí ó kù hàn.

Ẹ má ṣe fojú kéré 11 yìí. Bí 100,000 ènìyàn bá wá, 1,100 ni yóò padà lọ́wọ́ òfo. Ẹni tí fóònù rẹ̀ ti gbó, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì abúlé rẹ̀ kò lágbára, ni ọ̀nà ọ́fíìsì sábà máa ń jìn sí jù.

Nítorí náà, kí ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ilé-ìwé tó san owó iṣẹ́, kí wọ́n ní kí a pa JavaScript, kí a sì kọ fọ́ọ̀mù náà tán lójú wọn lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú. Bí kò bá lọ, iṣẹ́ kò tíì parí. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.