ÌDỌ̀TÍ KÌ Í RÌN FÚNRA RẸ̀
Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹ̀ka sọ níbi ìpàdé wa ní Adébáyọ̀, Adó-Èkìtì

 

Ọ̀rọ̀ tí a fi lé mi lọ́wọ́ lónìí ni ti ìdọ̀tí tí àwọn kan ń dà síbi tí òfin kò gbà: sójú odò, sí ẹ̀bá ọ̀nà, sórí ilẹ̀ onílẹ̀ lóru. Ẹlòmíràn lè sọ pé iṣẹ́ wolé-wolé nìyẹn, kí ló kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ níbẹ̀? Èsì mi kò gùn. Ìdọ̀tí kì í rìn fúnra rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ló ń rọ ọ́ sínú dírọ́ọ̀mù, alárù ló ń gbé e sọ́kọ̀, awakọ̀ ló ń wà á lọ. Bí àwa bá kọ̀ tí a kò gbé e, ibi tí ọ̀gá fi í sí náà ni yóò wà.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí Koko, èbúté kékeré kan ní Ìpínlẹ̀ Bendel àtijọ́, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Delta lónìí. Láti oṣù kẹjọ ọdún 1987 títí di oṣù karùn-ún ọdún 1988 ni oníṣòwò ará Ítálì kan fi ń kó dírọ́ọ̀mù wọlé níbẹ̀. Ìwé ẹrù ní kẹ́míkà tó jẹ mọ́ iṣẹ́ ìkọ́lé ni. Pàǹtírí olóró ilé-iṣẹ́ òkè òkun ni, ó sì tó nǹkan bí 4,000 tọ́ọ̀nù. Baba kan tí kò mọ ohun tó wà nínú wọn ló fi àgbàlá rẹ̀ háyà, ₦500 lóṣù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Ítálì ni wọ́n gbọ́ nípa rẹ̀ lọ́hùn-ún tí wọ́n sì kọ̀wé sílé, bẹ́ẹ̀ ni àṣírí tú ní oṣù kẹfà ọdún 1988. Ìjọba wa fárí gá, ọkọ̀ òkun Karin B àti Deep Sea Carrier sì kó ẹrù náà padà. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n kó o jáde ni ìyà rẹ̀ jẹ. Kẹ́míkà náà jó àwọn mìíràn lára títí wọ́n fi dèrò ilé ìwòsàn.

Ẹ tún wo Abidjan ní Ivory Coast. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ ọdún 2006, ọkọ̀ òkun Probo Koala, tí ilé-iṣẹ́ Trafigura háyà, gúnlẹ̀ síbẹ̀. Àwọn táńkà ló fa pàǹtírí inú rẹ̀, tí wọ́n sì dà á kiri ìlú lóru. Ó ju 100,000 ènìyàn lọ tó wá ìtọ́jú. Ní ọdún 2007, Trafigura bá ìjọba ibẹ̀ ṣàdéhùn owó láìgbà pé òun jẹ̀bi, a sì tú àwọn ọ̀gá rẹ̀ tó wà látìmọ́lé sílẹ̀. Ní ọdún 2008, ilé ẹjọ́ fi olórí ilé-iṣẹ́ kékeré tó gba iṣẹ́ kíkó náà sẹ́wọ̀n 20 ọdún. Ẹ̀yin ará, ẹni tó lẹrù lọ sílé, ẹni tó gbé e lọ sẹ́wọ̀n.

Ní tiwa, ọ̀ràn Koko ló bí Dìkíríì 42 ti ọdún 1988, tí ó ṣì jẹ́ òfin títí di òní. Ẹ̀wọ̀n gbére ni fún ẹni tó bá gbé pàǹtírí olóró, tó dà á, tàbí tó mú kí a gbé e, láìgbàṣẹ. Ìjọba yóò sì gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ tí a fi gbé e àti ilẹ̀ tí a dà á sí. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Kí awakọ̀ má ṣe rò pé “ọ̀gá ló rán mi” yóò gba òun.

Pàǹtírí lásán náà ń pani. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya ní Ìbàdàn, ó sì gbé ẹ̀mí tó ju 200 lọ. Òjò ńlá ló rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tí a ti dà sójú odò wà lára ohun tó dínà omi. Àwa náà ní odò Ureje nínú Adó níhìn-ín. Típà ẹ̀ẹ̀kan tí a dà síbẹ̀ lóru, ọmọ ẹnìkan ni yóò fi omi rẹ̀ bójú.

Kí wá ni ṣíṣe? Èkíní, kí ẹ tó gbé ẹrù, ẹ béèrè: kí ló wà nínú rẹ̀, níbo ló ń lọ, ìwé rẹ̀ dà? Ẹrù tí kò ní ìwé, tí ó sì di òru kí a tó gbé e, ẹ fura sí i. Èkejì, bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n dà á sí, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé súnmọ́ ọn. Ẹ kọ ọjọ́, aago, nọ́ńbà ọkọ̀, ibi tó wà àti ohun tí a kọ sára dírọ́ọ̀mù. Ẹ̀kẹta, ẹ gbé e wá fún akọ̀wé ẹ̀ka. Ìwé yóò lọ sọ́dọ̀ wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀, sí ilé-iṣẹ́ ètò àyíká Ìpínlẹ̀ Èkìtì, àti sí NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní 2007. A ó fi ẹ̀dà kan pamọ́. Ẹ̀kẹrin, ẹ má ra dírọ́ọ̀mù kẹ́míkà lọ sílé láti fi pọnmi.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín: iṣẹ́ lè bọ́. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Ẹni tó ní ọmọ nílé kò gbọdọ̀ fi oúnjẹ ṣeré. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń dábàá pé kí ìwé máa jáde ní orúkọ ẹ̀ka, kí a má dárúkọ ẹni tó mú ọ̀rọ̀ wá, àti pé bí wọ́n bá lé ẹnikẹ́ni nítorí pé ó kọ̀ láti gbé ẹrù bẹ́ẹ̀, kí gbogbo wa gba ẹjọ́ náà rò. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ̀wé láti Ítálì kò ní ìbọn, wọn kò sì ní owó. Ìwé ni wọ́n kọ, ọkọ̀ òkun méjì sì wá kẹ́rù lọ.

Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí à ń dà síwájú àwọn ọmọ wa. Mo gbé àbá náà kalẹ̀ níwájú ìpàdé.