Ẹ Má Yọ Kumasi Sílẹ̀ Nínú Àdúrà Yín

Àdúrà onígbàgbọ́ ni ẹgbẹ́ àwa Yorùbá ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí ní àpéjọ ọdún yìí. Ṣùgbọ́n ní Asawase ní Kumasi, ilẹ̀ Ghana, tá a wà yìí, ta ni kò ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní mọ́ṣáláṣí? Ẹ̀yin ẹbí wa Mùsùlùmí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, ọ̀rọ̀ náà kàn yín.

Bá a bá kúnlẹ̀ láàárọ̀, a ó dárúkọ Ogbómọ̀ṣọ́, a ó dárúkọ Ẹjìgbò, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ìnísà. A ó bẹ Ọlọ́run kó tún Nàìjíríà ṣe. Kumasi tá a ti ń jẹ, tí ọmọ wa ti ń lọ sílé ìwé, ó ṣọ̀wọ́n kó tó kàn án. Ohun tí mo bá wá gan-an nìyẹn.

Àwọn tá a jogún àdúrà lọ́wọ́ wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn lùkúlùkú ń pa èèyàn kiri, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan kóra jọ ní Ìjẹ̀bú-Òde láti máa gbàdúrà, Joseph Shadare àti Sophia Odùnlámì wà lára wọn. Kì í ṣe ilé tiwọn nìkan ni àrùn náà wọ̀, ẹkún wọn náà kò sì mọ sí ilé tiwọn. Lọ́dún 1930, ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà, ará ìlú àti ará oko ló ń wọ́ tọ Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá lọ fún àdúrà. Nígbà tó di 1953, Adélékè Adéjọbí gbé Ìjọ Olúwa Aládùúrà dé Kumasi níbí. Àwọn oníṣòwò Ogbómọ̀ṣọ́ ti ń kọrin Onítẹ̀bọmi ní ilẹ̀ yìí kí àwọn míṣọ́nnárì Amẹ́ríkà tó dé lọ́dún 1947. Ẹni tó ń gbé ìpáànù àti aṣọ kiri ọjà ló gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi wá.

Bíbélì náà kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Wòlíì Jeremáyà kọ lẹ́tà sí àwọn Júù tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bábílónì. Ó ní kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n dáko, kí wọ́n fẹ́yàwó, kí wọ́n sì máa bẹ Ọlọ́run fún ìlú tí wọ́n wà, torí bí ara bá tu ìlú náà, ara á tu àwọn náà. Bábílónì tó kó wọn lẹ́rú ni wọ́n ní kí wọ́n gbàdúrà fún o! Kumasi kò kó ẹnikẹ́ni nínú wa lẹ́rú. Ẹsẹ̀ ara wa la fi wá, a wá jẹun.

Lóòótọ́, ilẹ̀ yìí ti lé wa rí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ghana lábẹ́ Kofi Busia kéde pé àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Busia alára, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tó máa ń wàásù ni. Àwọn bàbá tó ti dàgbà sí ilẹ̀ yìí, tí wọ́n ti ní ọmọ àti ọmọ ọmọ níbí, kò sí ìwé lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ta ọjà wọn ní ọ̀pọ̀, wọ́n kó sínú lọ́rì. Àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi dá páropáro, torí Yorùbá ló pọ̀ jù níbẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983, ìjọba Shagari náà lé àwọn ará Ghana kúrò ní Nàìjíríà, a sì ń pe báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù ní “Ghana Must Go” títí dòní. Kò sí ẹni tó lè nàka sí ẹnìkejì.

N kò sọ pé àdúrà tí wọn kò gbà ló fa lílé yẹn. Ọrọ̀ ajé ni, ìṣèlú ni, iṣẹ́ tí ọmọ onílẹ̀ kò rí ṣe ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tó bá ń dárúkọ ìlú níwájú Ọlọ́run lójoojúmọ́ kò ní pẹ́ mọ ìlú náà. Yóò mọ orúkọ assemblyman, aṣojú àdúgbò rẹ̀. Yóò mọ ẹni tó ń ṣàìsàn nínú ìdílé onílé rẹ̀. Ojú á tì í láti máa bẹ Ọlọ́run fún àlàáfíà ibi tí òun kò tíì lọ gba ìwé ìgbélùú rẹ̀.

Ti ilé wá ńkọ́? Ọkọ ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó wà lórí òkè àdúrà, ẹnì kan kò gbọ́ àmín ẹnìkejì. Bá a bá sì wá jọ gbà á, ọ̀tá ilé bàbá là ń lé láti agogo méjìlá òru. Ọmọ tó gbọ́ èdè Twi ju Yorùbá lọ dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ó ń fetí sí wa. Ó gbọ́ orúkọ ọ̀tá lọ́nà ogún, kò gbọ́ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ ọmọ. Ẹ dárúkọ ìdánwò tó fẹ́ ṣe àti ọ̀rẹ́ tó ń bá rìn. Ọ̀tá lè dúró.

Ti ìjọba náà ńkọ́? Ìjọba Ghana ya ọjọ́ 1 oṣù Keje sọ́tọ̀ fún àdúrà orílẹ̀-èdè, 2025 ló kọ́kọ́ wáyé. Nínú oṣù Keje kan náà, àwọn kan jáde ní Accra pé kí àwọn ọmọ Nàìjíríà máa lọ. Mo fara mọ́ ọjọ́ àdúrà, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí òṣèlú fi àmín dí wa lẹ́nu. Késárì tí Pọ́ọ̀lù ní kí wọ́n gbàdúrà fún kì í ṣe onígbàgbọ́. Pọ́ọ̀lù kò tìtorí àdúrà náà pè é ní ẹni rere.

Nítorí náà, ẹ̀yin pásítọ̀, láti ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ tó kan Nàìjíríà, ẹ kọ́kọ́ dárúkọ Asantehene, ọba Asante, Osei Tutu Kejì, àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn Komfo Anokye, ọlọ́pàá Asawase, àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ wa. Ẹ̀yin àgbà tí ìwé ìgbélùú yín kò tíì pé, akọ̀wé ẹgbẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ jẹun.