Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọmọ Lórúkọ

Ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ méjì sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹ́wàá ẹgbẹ́ wa, ní Òkè-Opin

Kò rọrùn kí ẹgbẹ́ pé ọdún mẹ́wàá láì tú ká. Ọlọ́run tó ṣe èyí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n ní kí àwa méjì sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tí à ń ṣe, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń bi àwọn òbí wa pé, "Kí gan-an ni àwọn ọmọ yìí ń fi kọ̀ǹpútà ṣe?" Ọ̀kan nínú wa ń kọ́ ojú òpó orí íntánẹ́ẹ̀tì, èkejì ń kọ ọ̀rọ̀ ìpolówó ọjà tí yóò wà níbẹ̀. A kò ní ọ̀gá, a kì í sì í gba owó oṣù. Àwọn oníṣòwò kéékèèké ni oníbàárà wa: aránṣọ, onígàárì, olóyin, ilé ìwé aládàáni.

Irú iṣẹ́ báyìí kì í ṣe àjèjì lágbègbè wa. Ẹni tó bá fẹ́ ère tàbí ilẹ̀kùn láyé àtijọ́, ó ń wá Areogun lọ sí Ọ̀sì, tàbí kó wá Bámigbóyè lọ sí Odo-Owa. Wọ́n á gbọ́ ohun tó fẹ́, wọ́n á sì gbẹ́ ẹ fún un. Ní ọdún 2022, Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà pàtẹ iṣẹ́ Bámigbóyè fún gbogbo ayé wò. Iṣẹ́ tí wọ́n fi òótọ́ ṣe nílé ló gbé orúkọ dé ọ̀hún.

Àmọ́, a kò wá síbí láti yin ara wa. Àṣìṣe kan wà tó kọ́ wa níṣẹ́ yìí ju ilé ẹ̀kọ́ lọ. Ìyá kan tó ń ta gàárì wà lára àwọn oníbàárà wa àkọ́kọ́. A kọ́ ojú òpó fún wọn, ọjà ń tà, wọ́n sì tẹ àdírẹ́sì rẹ̀ sára ọ̀rá tí wọ́n fi ń di gàárì. Ṣùgbọ́n orúkọ ara wa ni a fi ra orúkọ ojú òpó náà, ìyẹn domain. Owó dọ́là ni a sì ń san lórí rẹ̀ lọ́dọọdún.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìjọba tú okùn lọ́rùn náírà. Dọ́là kan tí kò tó 500 náírà ní báńkì tẹ́lẹ̀ ti kọjá 1,500 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Nígbà tí owó ọdún pé, owó inú káàdì wa kò tó. Ìkìlọ̀ wọlé sí ímeèlì kan tí a kì í ṣí mọ́. Orúkọ tó bá parí sí .com, bí wọ́n bá ti pa á rẹ́ nítorí owó, 30 ọjọ́ ni olówó rẹ̀ ní láti rà á padà, owó ìràpadà náà sì ga. Lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ 5 péré ló kù kó di ti ẹnikẹ́ni tó bá kọ́kọ́ nawọ́ sí i. Kí a tó mọ̀, ẹlòmíràn ti rà á.

Ìyá náà kò pariwo. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, mo rò pé èmi ni mo ni ín." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá ju èébú lọ. A dá owó wọn padà, a ra orúkọ mìíràn, a sì san owó ọ̀rá tuntun ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

Láti ọjọ́ náà, orúkọ oníbàárà, fóònù rẹ̀ àti ímeèlì rẹ̀ ni a fi ń ra ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Orúkọ tó bá parí sí .ng, tí NiRA ń bójú tó, ni a sì ń gbà wọ́n nímọ̀ràn láti rà, torí náírà ni wọ́n lè fi san owó rẹ̀.

Èkejì, a kì í ṣiṣẹ́ láì kọ àdéhùn sílẹ̀, ìbáà jẹ́ ojú ìwé kan: iṣẹ́ tí a óò ṣe, ọjọ́ tí yóò parí, iye ìgbà tí a óò tún un ṣe. Ìdajì owó ṣáájú, ìdajì kí a tó gbé e lé ọwọ́ oníbàárà. Ẹ̀yin ẹbí, ẹ má bínú. "Ọmọ wa náà ni" kò lè san owó iná àti owó dátà.

Ẹ̀kẹta, a kì í kọ̀wé nípa ọjà tí a kò fojú rí. Ìyá onígàárì ní kí a kọ pé gàárì àwọn dára. Ta ni kì í sọ bẹ́ẹ̀? A lọ jókòó tì wọ́n níbi tí wọ́n ti ń yan án. A rí i pé ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń rẹ ẹ́ kó tó kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì ń jọ̀ ọ́. Ohun tí a kọ nìyẹn, lédè Yorùbá àti lédè Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni àwọn èèyàn ń tìtorí ẹ̀ pè wọ́n. A kì í hùmọ̀ oníbàárà tí kò sí láti yin ọjà.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹ ní ojú òpó fún òwò yín, ẹ bi ẹni tó kọ́ ọ léèrè lọ́la pé orúkọ ta ni wọ́n fi rà á. Bí kò bá yé yín, ẹ pè wá, a ó bá yín yẹ̀ ẹ́ wò láì gba kọ́bọ̀. Gbèsè ìyá yẹn ni a ṣì ń san.

Àwọn ìyá náà kò fi wá sílẹ̀. Wọ́n jókòó sí ìlà kẹta lọ́hùn-ún. Ẹ ṣé, mà.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a ṣe ogún ọdún níṣojú gbogbo wa. Ẹgbẹ́ wa kò ní dàrú. Àṣẹ.